Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Ṣòfò Lára Ògiri

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Èkó lónìí ni kò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní láti fi gbin ẹ̀fọ́. Fèrèsé nìkan ni a ní, òun náà kò sì fi ọkàn ẹni balẹ̀ mọ́. Bí ilé alájà kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹni, oòrùn ti di ti aládùúgbò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Inú ike ọ̀dà lẹ́bàá fèrèsé ni ìyá mi gbin ewúro àti ẹfinrin sí, ọbẹ̀ tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ sì ń ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí ilé alájà mẹ́ta dìde níwájú wa, ewúro náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń na ọrùn síta bí ẹni tó ń retí àlejò. Ewé rẹ̀ kò dúdú mọ́.

Inú ìmọ́lẹ̀ ni ewéko ti ń rí agbára tó fi ń sọ omi àti afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí ewé kò bá rí gbà ń lọ bá ògiri. Bí ògiri bá dúdú, yóò gbé e mì. Bí ó bá funfun, yóò dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Nítorí náà, mo fi ọ̀dà funfun tí kì í dán kun ẹ̀yìn ibẹ̀, mo fi fọ́ìlì bo páálí, mo sì gbé e dojú kọ fèrèsé, nítòsí ewé, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń jìnnà sí i ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé tuntun yọ ní apá ẹ̀yìn tó ti pá tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín ṣá o: fọ́ìlì kì í dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá wọlé nìkan ló lè dá padà.

Ní ìlú Rjukan ní orílẹ̀-èdè Norway, òkè ń dí oòrùn lọ́wọ́ láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹta. Ní ọdún 2013, wọ́n gbé dígí ńlá mẹ́ta sórí òkè, kí wọ́n lè máa dá oòrùn sí gbàgede ìlú. Òkè ló dínà tiwọn. Ọwọ́ ènìyàn ló dínà tiwa. A kò lè bẹ òkè kí ó sún, ṣùgbọ́n ìjọba lè mú kí àyè tó yẹ wà láàárín ilé sí ilé.

Èmi yóò máa tún fọ́ìlì mi ṣe. Ṣùgbọ́n ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi páálí ṣọdẹ oòrùn, ní ilẹ̀ tí oòrùn pọ̀ bí tiwa, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè irú ilé tó ń kọ́.