Lẹ́tà láti Manchester lórí kọ̀ǹpútà Bàbá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sọ fún wọn pé oògùn wọn ti wà lọ́nà.

Mo rí fọ́tò tí o yà nígbà tí o tú kọ̀ǹpútà Bàbá. Mo fẹ̀ ẹ́ títí lójú fóònù, àyà mi sì já. Bátìrì búlúù tó rí bí àgbá kékeré, tó wà lẹ́bàá ibi tí kíbọ́ọ̀dù ń wọlé, ti da oje, nǹkan aláwọ̀ ewé sì ti hù yí i ká bí ara búrẹ́dì tó bu. Jọ̀wọ́, má tíì kì í bọ iná. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e fún onírin àlòkù.

O kéré nígbà tí Bàbá ra kọ̀ǹpútà 386 yẹn ní 1992. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí Òṣogbo di olú ìlú, tí àwọn ọ́fíìsì tuntun ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ̀wé. Owó iṣẹ́ yẹn ló rán wa níléèwé. Inú kọ̀ǹpútà náà ni ìtàn ìdílé wa láti Iléṣà wà, èyí tí Bàbá ń tẹ̀ lálaalẹ́. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Bátìrì yẹn ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí aago àti ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá síná. Oje inú rẹ̀ bá omi eérú èèpo kòkó tí Màmá àgbà fi ń se ọṣẹ dúdú tan. Ìwọ náà mọ bí omi yẹn ṣe ń bó wọn lọ́wọ́. Bàbà tín-ín-rín ojú bọ́ọ̀dù ni oje bátìrì náà ń jẹ, ó sì ń yọ́ gba abẹ́ ọ̀dà rẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin odò tó ń wọ ògiri wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun kò ràn án lọ́wọ́.

Fi ẹ̀mú gé ẹsẹ̀ bátìrì náà. Má fà á tu o, kó má baà bá bàbà lọ. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tọ́ fínígà sí ibi tó hu ewé nìkan, torí kíkan ló ń pa agbára oje yẹn. Ó lè hó díẹ̀. Fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ títí bàbà yóò fi dán. Fi omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò ṣàn án, àmọ́ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì. Kí o wá fi isopropyl alcohol nù ún. Bi àwọn tó ń tún fóònù ṣe léèrè, wọ́n mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Fi írésà funfun ra ẹnu wúrà àwọn káàdì rẹ̀.

Àpótí iná rẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Ọdún tí mo dé ibí, mo ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lọ́jà àlòkù, mo kì í bọ iná lójú ẹsẹ̀. Kàpásítọ̀ kan bẹ́, èéfín bo yàrá, mi ò sì rí i tún ṣe mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Gbé tiwa lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe, àgbà tó ní mítà, kó yẹ iná wò, kó sì fi wáyà tín-ín-rín so ibi tí bàbà bá ti já.

Àwọn ère símẹ́ńtì tí Àdùnní Olórìṣà àti Adébísí Àkànjí mọ sínú Igbó Ọ̀ṣun, òjò ń jẹ wọ́n, ọwọ́ èèyàn sì ń tún wọn ṣe. Ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló tọ́jú igbó náà títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Irú sùúrù yẹn ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún.

Kí o tó tan án, da àwọn nọ́ńbà cylinders, heads àti sectors tó wà lára hard disk kọ, torí kọ̀ǹpútà náà ti gbàgbé wọn, yóò sì béèrè. Bó bá tan, má tíì tẹ nǹkan kan. Gbé àga fún Màmá, kí o pè mí lórí fídíò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ