Ìbí Kò Ju Ìbí

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ." Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ìwà wa kì í bá a mu nígbà gbogbo. Ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìdó, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya, àwọn àgbà a ṣe ìwádìí ìdílé rẹ̀. Ó tọ́ kí a bèèrè bóyá olóòótọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn mìíràn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè: ta ni ó ra bàbá-ńlá wọn? Wọ́n gbàgbé pé ní àkókò Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ẹni tí a mú lẹ́rú wọ ìlú kan, ọmọ onílé ni ní ìlú tí a ti kó o.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, agùnbánirọ̀ kan láti ilẹ̀ Ìgbò ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Ọmọlúàbí ni. Ní ọjọ́ kan, ìròyìn kàn án pé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti dá ẹrù ìdána padà nítorí pé osu ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé a ti ya bàbá-ńlá òun sọ́tọ̀ fún òrìṣà, àti pé láti ìgbà náà ni a kò ti ń bá ìdílé wọn dá àna. Mo ní, "Ṣé òfin kò ti fòpin sí èyí?" Ó dáhùn pé, "Ọ̀gá, wọn kò pe òfin síbi tí wọ́n ti gbìmọ̀."

Òtítọ́ ni ó sọ. Ní ọdún 1956, nígbà tí Nnamdi Azikiwe jẹ́ olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, ilé aṣòfin tí ó wà ní Enugu fi òfin pa àṣà osu rẹ́. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 42, tún wí pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà kankan dù ú nítorí bí a ti bí i. Síbẹ̀, ní Nri, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn ọba ṣì ní láti péjọ láti kéde òpin àṣà kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilẹ̀ Jàpáàn tí ó jìnnà sí wa. Ní ọdún 1871, ìjọba kéde pé àwọn tí a ń pè ní Buraku, tí a kẹ́gàn nítorí iṣẹ́ awọ àti òkú ẹran tí àwọn baba wọn ń ṣe, ti di ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú yòókù. Ìkéde náà kò tó. Ní ọdún 1922 àwọn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ Suiheisha sílẹ̀ ní ìlú Kyoto láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Síbẹ̀, ní ọdún 1975, àṣírí tú pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ra ìwé tí a kọ orúkọ àdúgbò wọn sí, kí wọ́n má baà gbà wọ́n síṣẹ́. Ní ọdún 2016, a tún ṣe òfin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ǹjẹ́ òfin kò wúlò bí? Ó wúlò púpọ̀, nítorí òun ni ẹni tí a rẹ́ jẹ yóò gbára lé nígbà tí ó bá pe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó ní ìyẹ̀wù níbi tí àwọn mọ̀lẹ́bí ti ń gbìmọ̀. Ọmọ ilé ni ó ń jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó pè yín sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní, "A kò lè fẹ́ ọmọ wọn," ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè ohun tí ọmọ náà ṣe. Bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí wọ́n lè dárúkọ, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i.