Ológbò Tó Ń Gbéra Ga

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ èdè Jàpáànù nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, mo sì rò pé mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣí ìwé tí Natsume Soseki bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1905, èyí tí ológbò kan ń sọ ìtàn rẹ̀, ojú tì mí. Ojú ewé kan ṣoṣo gba odindi òru lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ ló kù kí n jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló dá mi dúró. Ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ mi pé «watashi» ni ènìyàn fi ń pe ara rẹ̀. Ológbò yìí kọ̀. «Wagahai» ni tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin ńlá fi ń gbé ara wọn ga. Bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ ní orúkọ! Ẹ̀rín pa mí. Àwa tí a ti mọ ìyàtọ̀ «o» àti «ẹ» láti kékeré, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ irú àwàdà bẹ́ẹ̀ fún wa?

N kò bú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́. Òun ló mú mi dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í gbọ́ àwàdà àwọn tó wà nínú ilé.