Kí ẹ tó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé ní Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba n'Ìbàdàn, ẹ yẹ inú láptọ́ọ̀pù wò kí ẹ tó sanwó. Láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni Windows 10 ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ṣípù Intel inú wọn kò sì tó ìran kẹjọ ni kò sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kú o. Ubuntu ń bẹ tí ẹ lè fi rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 2004.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi CorelDRAW ya káàdì ìgbéyàwó, kó dúró ti Windows, nítorí wọn kò ṣe CorelDRAW fún Ubuntu. Mac dára púpọ̀; owó rẹ̀ ló ga.

Ohun tó ń dùn mí jù ni orúkọ òkú àgbà tí a ń tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú láìsí àmì ohùn. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, Ubuntu ní in, Mac náà ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ jọ̀ọ́, èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ tan kíbọ́ọ̀dù yẹn lónìí.