Nicodemus, Ìlú Kékeré ní Kansas

Ènìyàn 14 péré ni ìkànìyàn ọdún 2020 bá ní Nicodemus, ìlú kan tí ó wà lórí pápá gbalasa ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Kíláàsì tí ó kéré jùlọ lọ́dọ̀ àwa olùkọ́ a máa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà ka ìlú yìí mọ́ àwọn ibi ìtàn tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ pa mọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó yà wá lẹ́nu, a sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1865 ni oko ẹrú dópin ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di 1877, àwọn ọmọ ogun ìjọba tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní ìhà gúúsù ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òmìnira ń bẹ lórí ìwé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro, ti ẹlòmíràn ni. Ní ọdún náà gan-an ni W. H. Smith, oníwàásù aláwọ̀ dúdú, àti W. R. Hill, òyìnbó tí ń ta ilẹ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tẹ Nicodemus dó. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ ní Kentucky, wọ́n sì yin ilẹ̀ náà gidigidi. A kò lè ṣàì sọ ọ́ pé wọ́n yìn ín jù.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1877, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 300 dé. Kò sí ilé kan tí ó dúró dè wọ́n, igi kò sì tó láti fi kọ́ ọ. Inú ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, wọ́n sì ń gbé inú ihò náà bí òkété. Ní ọdún kejì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Willianna Hickman tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé, lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ méjì láti ibùdókọ̀ ojú irin Ellis. Ó béèrè ibi tí Nicodemus wà. Wọ́n nawọ́ sí èéfín tí ń rú láti inú ilẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Àwa tí a ti rin ìrìn àjò lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun rí mọ ẹkún yẹn. Àwọn kan padà sí Kentucky. Obìnrin yìí kò padà. Àwọn ará ìlú náà a sì máa sọ ọ́ títí di òní pé ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́, nígbà tí ebi fẹ́ pa wọ́n kú, àwọn ọdẹ Osage, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fún wọn ní ẹran jẹ.

Ohun tí inú wa dùn sí jùlọ ni pé wọn kò jẹ́ kí òṣì dá ìwé dúró. Jenny Fletcher ni olùkọ́ wọn àkọ́kọ́, ilé ẹ̀kọ́ wọn ni a sì kọ ní nọ́ńbà kìn-ín-ní ní gbogbo àgbègbè Graham. Edward McCabe, tí ó wá síbẹ̀ ní 1878, ni àwọn ènìyàn Kansas dìbò yàn ní 1882 láti máa yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ wò. Kò sí ènìyàn dúdú kan tí gbogbo ìpínlẹ̀ náà ti yàn sípò ṣáájú rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìlú náà ní ìsọ̀, ìjọ, àti ìwé ìròyìn méjì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ojú irin dé. Ní 1887 àwọn ará ìlú dìbò láti yá owó 16,000 dọ́là kí ọkọ̀ ojú irin lè gba ọ̀dọ̀ wọn. Kò gba ibẹ̀. Òdì kejì odò Solomon ni ó gbà ní 1888, ìlú Bogue sì hù síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọn tẹ̀ lé ojú irin, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé ilé ìsọ̀ wọn lọ pẹ̀lú. Àwọn tí ó ní oko nìkan ni kò lè gbé ilẹ̀ wọn káná. Ọ̀dá àti ìjì eruku àwọn ọdún 1930 tún lé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1953 ilé ìfìwéránṣẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka iye ènìyàn ìlú kan, ta ni à ń kà? Akọ̀wé ìjọba a máa ka àwọn tí ó sùn nílé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ìlú ni ọmọ ìlú, ì báà wà ní ìdálẹ̀ fún ogójì ọdún, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Nicodemus. Ní òpin oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí ó gbé inú ihò a máa ti ọ̀nà jíjìn wá sílé, láti ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ kúrò nínú oko ẹrú. Gbọ̀ngàn olókùúta tí a kọ́ ní 1939 ṣì dúró níbẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí ó kù nílé ni ó ń gbà wọ́n lálejò.