Ojúde Ọba: Ẹ Jẹ́ Kó Kan Tiwa Náà!

Gbòlà! Bí ìbọn àkọ́kọ́ bá ti dún níwájú ààfin lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kò tún sí ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ tó ń sùn á ta jí, adìẹ á sá wọ abẹ́ àga, àgbàlagbà tí orúnkún ti ń ro láti àná á ní kí wọ́n bá òun wá bàtà òun jáde. Ojúde Ọba ti dé nìyẹn.

Àwọn tó ń wòran pọ̀ ju àwọn tó ń jó lọ, kò sí àní-àní. Oníwòran á wo ẹṣin, á wo gèlè, á ya fótò, á jẹ ìkókóré ní ilé ará, á gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú eré ńkọ́? Ẹni tó náwó, tó dúró nínú oòrùn láti àárọ̀, tí gèlè fún mọ́ lórí bí ẹni pé wọ́n dè é lẹ́rù, tí kò sì rí ẹ̀bùn kankan gbà nígbẹ̀yìn, kí ló dé tí onítọ̀hún tún ń sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ kó tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀? Ó yẹ kí ẹ bi ìyá aláta kan ní ọjà Òkè-Àjẹ́.

Ìyá yìí wà nínú ẹ̀ka obìnrin ọ̀kan nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú lè má mọ̀: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn. Ó ti wà láyé àtijọ́, ó ti fẹ́ẹ̀ kú tán kí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà tó jí i dìde, Awùjalẹ̀ tó gorí oyè ní 1960 tó sì wàjà ní July 13, 2025. Ẹ ti gbọ́ orúkọ wọn: Ọbáfùwàjì, Gbọ́baníyì, Bọ́bagúnwà, Bọ́bakẹ́yẹ, Jagunmólú, Aróbáyọ̀ àti àwọn tó kù. Owó kọ́ ló kó wọn jọ, ọdún ìbí ni. Ibẹ̀ gan-an ni adùn àkọ́kọ́ wà. Obìnrin tó gun ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá láti Èkó àti ìyá aláta, “ìwọ” ni wọ́n ń pe ara wọn. Lọ́jọ́ yòókù, “Ẹ kú ọjà, Ìyá” ni ti aláta, “Ẹ káàbọ̀, Màdáámù” ni ti ará Èkó. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, “Ìwọ, sún síbẹ̀ yẹn jàre!” ni.

Ìdíje yìí kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lójúde Ọba rárá. Inú ìpàdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí àwọ̀. Ẹnì kan á ní pupa ni, ẹlòmíràn á ní òun ò wọ pupa, pé ó ń mú òun dúdú. Wọn á pariwo, wọn á rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á bínú jáde, á tún padà wọlé nítorí pé ó gbàgbé báàgì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rójú, ó kan àwọn tó ń hun aṣọ òkè, ó kan oníbàtà, ó kan ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ó wá kan télọ̀. Ẹ̀yin télọ̀ tó ń ka ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́! Ogójì obìnrin, sítáì kan ṣoṣo, síbẹ̀ kálukú ló ń yọ́ wá lálẹ́ pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún tòun nìkan. Ẹ má sì rò pé télọ̀ ò sí nínú ìdíje. Lọ́jọ́ náà, ẹ wo ẹ̀yìn èrò dáadáa, ẹ ó rí i níbi tó ti na ọrùn, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, èjìká aṣọ ló ń wò.

Ti owó ńkọ́? Ẹnu ibẹ̀ ló ti ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òwò ata kì í ṣe òwò epo rọ̀bì. Ẹgbẹ́ ìyá yìí ní òfin kan tó dára: aṣọ tí ẹni tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn bá lè san díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń mú. Akápò á kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni ń dá àjọ. Ẹgbẹ́ mìíràn á mú aṣọ tí ìdajì ò lè rà, wọn á ní nítorí kí wọ́n lè gba ipò kìíní ni. Àwọn tí kò rí owó á wá ní ara àwọn ò yá, wọn á jókòó sílé, wọn á máa gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan á lọ yá owó èlé. Ẹni tó sì ń fi gbèsè jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fúyẹ́, bó ti wù kí aṣọ máa dán tó.

Ní 2020, ẹgbẹ́ ìyá aláta ti rán aṣọ, ó ti pé, ó ti kù kí wọ́n wọ̀ ọ́ ni àrùn Kòrónà dé. Kò sí Ojúde Ọba lọ́dún náà. Kò sí ní 2021 pẹ̀lú. Aṣọ wà nínú àpótí, káfúrà ló ń jẹ òórùn rẹ̀. Láàárín ọdún méjì yẹn, ọ̀kan nínú wọn kú, ọ̀rẹ́ ìyá aláta ni, ó ń ta àwo lọ́jà kan náà. Ó ti san owó aṣọ rẹ̀ pé kí àwọn yòókù tó san ìdajì.

Nígbà tí wọ́n kéde pé Ojúde Ọba yóò wáyé ní July 11, 2022, ìjà dé. Àwọn kan ní kí wọ́n rán aṣọ tuntun, pé ti 2020 ti di ti àtijọ́, wọn ò ní fún àwọn ní ẹ̀bùn kankan. Ìyá aláta dìde, kò sì jẹ́ ẹni tó máa ń dìde. Ó ní, “Ẹni tó sanwó ju gbogbo wa lọ ò lè san tuntun mọ́. Ẹ jẹ́ ká wọ eléyìí lọ. Bí wọn ò bá fún wa ní nǹkan kan, ṣé a ò ní jó ni?” Alága wo ilẹ̀. Wọ́n dìbò, ti 2020 ló wọlé.

Ọjọ́ pé. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹṣin díẹ̀, torí ẹni sọ̀rọ̀ Ojúde Ọba tí kò dárúkọ ẹṣin, ó jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀. Àwọn ìdílé Balógun ló ni ẹṣin, àwọn ló ni ìbọn, ọmọ jagunjagun ni wọ́n. May 1892 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim wá, tí wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Ní 1902 ni Balógun Kúkù gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, kò lè bá wọn ṣe ọdún Ọdẹ́dá mọ́, ló bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ọdún yìí nìyẹn. Ìbọn tó ti pa ènìyàn rí ti wá di ìbọn ẹ̀yẹ.

Ẹ bi ọkùnrin tó ń yin ìbọn ṣakabùlà níbẹ̀ bóyá oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà òjò ni Iléyá ń bọ́ sí láti ọdún mélòó kan wá, ẹ̀tù tó bá sì rí omi ti di iyẹ̀pẹ̀. Á gbọn ẹ̀tù sínú ọ̀pá ìbọn, á kì í mọ́lẹ̀, á gbé ẹnu rẹ̀ sókè ọ̀run, á fà á. Kẹ́! Kò dún. Ẹ̀rín àwọn ọmọdé ìdílé kejì nìkan ló dún. Ṣùgbọ́n bó bá dún, gbòlà! Ẹṣin á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á fa ìjánu, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àyà rẹ̀ ò já. Ẹ rántí Farooq Oreagba ní June 2024, tí fótò rẹ̀ lórí ẹṣin kárí ayé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Ẹ wo ọkùnrin yẹn lórí ẹṣin, kẹ́ ẹ sọ pé nítorí ẹ̀bùn ló ṣe gùn ún.

Àwọn Òyìnbó náà ní ìdíje ìbọn tiwọn. Ẹyẹlé gidi ni wọ́n ń yìnbọn fún tẹ́lẹ̀, wọn á tú u sílẹ̀ látinú àpótí. Kódà wọ́n ṣe é nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 1900. Òfin dá yínyìnbọn fún irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1921. Àwo pẹlẹbẹ kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ẹ̀rọ ń jù sókè fún wọn báyìí. Ẹyẹlé amọ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é mọ́, ọ̀dà àti lúbúlúbú òkúta ẹfun ni. Ohun tó dára nínú rẹ̀ rèé: àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpele kan. Ẹni tó fọ́ mẹ́rìnlélógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n jù fún un. Ẹni tó fọ́ mẹ́jọ péré, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni. Àwo kì í sì í fò títí tí ẹni tó di ìbọn mú á fi fúnra rẹ̀ ké pé kí wọ́n jù ú. Wọ́n tún ń pín àwọn tó wá díje sí ìsọ̀rí, kí ọmọ iṣẹ́ má baà máa bá ọ̀gá wọ̀dìmú. Ẹni tó kùnà á lọ sílé, inú rẹ̀ á dùn díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ ìpín rẹ̀.

Ìpín yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wá lójúde Ọba. Ẹ gbé owó ẹ̀bùn tì ná. Owó dára, ilé-iṣẹ́ Globacom ti gbé owó ẹ̀bùn kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹgbẹ́ tó máa ní òun ò fẹ́. Àmọ́ bí àwọn tó ń gba máàkì bá ṣe ojúsàájú, tàbí tí ẹni tó di máìkì mú bá ń kí àwọn olówó títí oòrùn fi wọ̀, tó wá ní kí ẹgbẹ́ tó dúró láti àárọ̀ yára kọjá, kí ni owó fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi sanwó ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó bá gé ìṣẹ́jú náà kúrú ti gé ọdún ènìyàn kúrú.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìyá aláta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró pẹ́. Bàtà ń ta wọ́n, omi tán, ẹnì kan bọ́ gèlè ó tún un wé. Wọ́n ti to ara wọn ní méjì méjì. Ẹni tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláta kò sí. Alága fẹ́ sún ẹlòmíràn síbẹ̀ kí ìlà lè gún, ìyá aláta ní, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Alága fi í sílẹ̀. Ìgbà tó yá, wọ́n pe orúkọ ẹgbẹ́ wọn.

Wọn ò lé wọn. Onílù yí ìlù padà, ó kí wọn bó ṣe yẹ kó kí wọn. Wọ́n jó lọ síwájú àga Ọba, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tún dìde, aṣọ tó ti sùn ọdún méjì nínú àpótí wá ń tàn yanran nínú oòrùn. Àyè ẹnì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláta, ó sì ń jó yí i ká bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà fún ẹnìkejì. Télọ̀ wọn wà lẹ́yìn èrò, ó ní gbogbo èjìká ló jókòó àyàfi ti ẹnì kan tó sanra láàárín ọdún méjì náà. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó yege, wọn ò pe tiwọn. Àwọn kan fajú ro. Ìyá aláta ti bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ nu koríko, ó ní ṣé wọ́n rí bí Ọba ṣe gbé ọwọ́ sókè sí àwọn. Ẹnì kan ní gbogbo ẹgbẹ́ ló gbé ọwọ́ sókè sí. Ó ní, “Ìgbà tó kàn wá náà ló ṣe é fún wa.”

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìpàdé. Ìjà àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà tán. Akápò ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé rẹ̀, ìyá aláta ló sì kọ́kọ́ nawọ́ sí i: ẹgbẹ̀rún kan náírà, fún aṣọ tí wọn ò tíì mọ àwọ̀ rẹ̀.