Ọjọ́ Mélòó Ni A Ó Lò Níbẹ̀?

Bí àìsàn ọkàn bá gbé ènìyàn dé ibi tí dókítà ti ní àfi iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè méjì ni ẹbí sábà máa ń béèrè. Èkíní ni pé, ṣé yóò yè é? Èkejì ni pé, ọjọ́ mélòó ni a ó lò níbẹ̀? A máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè èkíní, dókítà náà a sì fara balẹ̀ dáhùn. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń béèrè èkejì, nígbà tí olúwarẹ̀ ti ń lọ, bí ẹni ń béèrè owó ọkọ̀. Mo ti wá gbà pé ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe kékeré. Òun ni ó ń pinnu ẹni tí yóò sùn ti aláìsàn, iye owó tí a ó yá, ọmọ tí yóò jókòó sílé láìlọ sílé ẹ̀kọ́, àti nígbà mìíràn, ẹni tí ẹbí yóò nàka sí.

Ọ̀ràn àbúrò bàbá mi obìnrin ni ó là mí lójú sí èyí. Ìyá Ìbejì ni gbogbo Aradagun ń pè é. Àgbọn ni ó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn olóko Ògù àti ní ọjà Agbalata, ní Àgbádárìgì, ni ó ti ń rà á. Ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà tí kò lè gbé apẹ̀rẹ̀ kan dé ìdí ọkọ̀ mọ́ láìdúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Àwọn aládùúgbò ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan láàárín ìlú Èkó ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fáàfù, kò lè padé dáadáa mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn padà sẹ́yìn. Wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó ń bá wa ṣètò ìwé ní kí a fi ọkàn sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn di òfin nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ ka owó ọjọ́ mẹ́wàá, ó fi díẹ̀ lé e. Orogún rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, gbà láti máa sùn tì í. Aṣọ ìgbéyàwó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ àwọn tí ó ni ín pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ìbejì kó lọ sọ́dọ̀ ìyá wa àgbà. Ẹni tí ó ń bá a ta àgbọn gba owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sílẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ kẹwàá pé, ó ṣì wà lórí ibùsùn. Ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, kídìnrín rẹ̀ ń falẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lemọ́lemọ́ nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ fáàfù tuntun náà. Oògùn yìí kò gbọdọ̀ kéré, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kejìlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wá láti Àjàṣẹ́. Ó wo orogún láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n wí. Ta ni ó so ọjọ́ tó kù mọ́ ọn?"

Obìnrin tí ó ti fi ẹní sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn fún òru mọ́kànlá kò dáhùn. Ó ká ẹní rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ padà sí Aradagun. Fún ọjọ́ mẹ́ta, aláìsàn kò rí ẹni tirẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóru.

Nọ́ọ̀sì kan ni ó pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà. Ó pè wá jọ, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn yìí ti wú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kídìnrín rẹ̀ kò já fáfá kí a tó la àyà rẹ̀. Irú wọn kì í tètè lọ sílé." Gbogbo ohun tí ó sọ ni ó ti wà nínú fáìlì kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Bí ẹnìkan bá ti ka wọ́n sí wa létí nígbà náà, ọjọ́ kejìlá kì bá tí jẹ́ ìyanu fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ lọ bẹ orogún, ó sì padà wá. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Ìbejì lò. Ó ti ń ta àgbọn báyìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kò tíì tọrọ àforíjì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa bí wọ́n ṣe ń ṣírò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ohun àná ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú èyí tí wọ́n ń la ọkàn ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu. Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tí ó fi ìlú Ọba ṣe ibùgbé, wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ní ti ìṣirò, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Yúróòpù ni EuroSCORE. Ọdún 1999 ni ó jáde, láti inú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn bí 19,000 ní orílẹ̀-èdè 8. Wọ́n tún un ṣe ní 2012. Ewu ikú ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti ń lò ó láti wo ẹni tí yóò pẹ́ ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà, Society of Thoracic Surgeons, ní ìṣirò tí ó dá lórí iye ọjọ́ gan-an. Ẹni tí ó bá lò ju ọjọ́ 14 lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kà sí ẹni tó pẹ́.

Àwọn ohun tí wọ́n ń wò kò ṣòro í lóye: ọjọ́ orí, bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ ṣúgà, agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀, bóyá wọ́n ti là á rí, bóyá pàjáwìrì ni tàbí ohun tí a múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú èsì tí ìṣirò yìí ń mú wá. Kì í sọ pé, "Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ ó lò." Ohun tí ó ń sọ ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ara wọn rí bí ti ẹni yín, báyìí ni iye àwọn tí yóò kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ọ̀kan dàbí ìlérí. Bí ó bá yẹ̀, a ó wá ẹni tí ó bà á jẹ́. Èkejì jẹ́ ìkìlọ̀ tí a lè fi tọ́jú owó, tí a sì lè fi pín iṣẹ́ ìṣọ́ aláìsàn.

Ó tún ku ibì kan. Àgbàlagbà tí iṣan ọkàn wọn dí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ara wọn kọ́ ìṣirò òyìnbó. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọn tí fáàfù wọn bàjẹ́ jẹ́ ọ̀dọ́. Ọ̀fun dídùn tí kòkòrò àrùn fà nígbà èwe, tí a kò tọ́jú, ni ó máa ń di ibà tí ń ba fáàfù jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ orí wọn yóò mú kí ìṣirò náà rò pé kò léwu, nígbà tí ọkàn wọn ti rẹ̀ gidigidi. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn wa máa ka ọjọ́ àwọn aláìsàn tiwa, kí wọ́n sì máa lò ó.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò yìí. Iye àkókò tí aláìsàn lò lórí ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ ọkàn nígbà iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí ó tó dá mí fúnra rẹ̀, bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ń jáde: gbogbo wọn ni ó ń yí ìdáhùn àkọ́kọ́ padà. Nítorí náà, ẹ béèrè ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹ tún béèrè nígbà tí ó bá kúrò ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe.

Bí ẹni yín bá ń lọ, ẹ béèrè pé: nínú irú wa, mélòó ni ó ń kọjá ọ̀sẹ̀ méjì? Kí ni ó wà lára tiwa tí ó lè fa ọjọ́ gùn? Èwo nínú rẹ̀ ni a lè tún ṣe kí ọjọ́ tó pé? Wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú eyín tí ó ti jẹrà, kí ẹ dá sìgá dúró, kí ẹ̀jẹ̀ kún sí i, kí ṣúgà wálẹ̀. Kí ẹni tí yóò sùn tì í náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń dáhùn, pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nínú ẹbí.